Òkú Èkó Tí Wọn Ò Kà

Ẹ gbọ́ ná, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi: apá kẹta fíìmù Captain America, Civil War (2016), já mi kulẹ̀. Ìjà inú ẹ̀ dùn o, mi ò ní purọ́. Wọ́n ní Èkó ni ìjà àkọ́kọ́ ti wáyé, bẹ́ẹ̀ Atlanta ni wọ́n ti yà á. Ìyẹn ò tíì burú. Bọ́ǹbù bú gbàù, èèyàn kú. Ìròyìn inú fíìmù ka ará Wakanda 11 mọ́ òkú. Wakanda tí kò sí láyé! Ọmọ Èkó mélòó ló kú? Wọn ò sọ.

Ẹ dúró lábẹ́ bíríjì Òṣòdì nírọ̀lẹ́, níbi tí kọ̀ndọ́ ti ń ké "Ìsọlọ̀! Ìsọlọ̀!": gbogbo èrò yẹn ló lórúkọ, ló lẹ́ni tó ń retí wọn nílé. Akọni tí kò rí wọn, kí la fẹ́ fi agbára ẹ̀ ṣe?