ÀLEJÒ TÀBÍ ÀJÈJÌ? ÀYẸ̀WÒ ÌWÉ J. S. EADES LÓRÍ ỌJÀ YORÙBÁ NÍ GÁNÀ

1. Ìfáàrà

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí gbogbo ẹni tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ náà, tí kò sì ní ìwé àṣẹ ìgbélùú, jáde láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn oníṣòwò Yorùbá wà lára àwọn tí àṣẹ yìí kàn gbọ̀ngbọ̀n. Ìwé Eades, Strangers and Traders (1993), dá lé àwọn tí ó wà ní ìhà àríwá Gánà lórí. Nínú pépà yìí, a ó gbìyànjú láti fi hàn pé ìwé náà ṣàlàyé yékéyéké bí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ṣe rí ẹsẹ̀ walẹ̀ lọ́jà, ṣùgbọ́n pé orúkọ tí ó pè wọ́n kò jẹ́ kí a rí gbogbo ohun tí ó sọnù.

2. Ohun tí ìwé náà ṣe

Ìtàn ìgbésí ayé àwọn oníṣòwò fúnra wọn ni Eades fi ṣe ẹ̀rí. Ẹnì kan á kọ́kọ́ lọ. Á mú àbúrò tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá láti ràn án lọ́wọ́. Bí ọmọ náà bá sì mọ ọjà tán, òun náà á dá ìsọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀. Ìsọ̀ wá di ilé ẹ̀kọ́. Àlàyé yìí fẹsẹ̀ múlẹ̀, nítorí kò fi ọrọ̀ wọn ṣe oríire lásán.

3. Ibi tí a ti yapa

Àkọlé ìwé náà ni a ní í bá jà. Ní èdè Yorùbá, ọ̀tọ̀ ni àlejò, ọ̀tọ̀ ni àjèjì. Àlejò ní onílé tí ó gbà á. Omi àti ìjókòó tọ́ sí i. Àjèjì ni ẹni tí a kò mọ̀ rí. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo tí ó wà nínú àkọlé náà da méjèèjì pọ̀, ó sì súnmọ́ ọ̀rọ̀ tí òfin 1969 lò.

Ẹ jẹ́ kí a fi àwìn dán an wò. Ọlọ́jà kì í ta àwìn fún ẹni tí kò mọ ilé rẹ̀. Ó mọ ìgbà tí oníbàárà máa kórè, ó sì mọ ẹni tí ó lè bá a dá sí i. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, ọ̀pọ̀ gbèsè kò ṣeé gbà mọ́. Bí a bá kà á sí owó nìkan, àdánù ni. Ṣùgbọ́n gbèsè kan náà ni ẹ̀rí pé àwọn méjèèjì kì í ṣe àjèjì sí ara wọn.

Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Òwe yìí gbà pé onílé mọ ilé rẹ̀. Kí ni a ó wá sọ nípa ọmọ tí a bí sí Tamale tàbí Kumasi, tí kò dé ilé baba rẹ̀ rí? Ọjà ni ilé tirẹ̀. Ibi tí wọ́n ní kó padà sí ni àjò.

Títí di òní, alata samina ni orúkọ ọṣẹ dúdú ní Gánà. Samina ni ọṣẹ lédè Akan. Alata sì ni orúkọ tí wọ́n fi ń pe àwọn ará ìhà ọ̀dọ̀ wa. Àṣẹ lé ènìyàn, kò lé orúkọ.

4. Àgbálọgbábọ̀

A kò dá Eades lẹ́bi pé kò ṣe iṣẹ́ tiwa fún wa. Ètò ìṣòwò ni ó ń wá. Ìpolówó ọjà, ọ̀nà ìdúnàádúrà àti èdè tí wọ́n fi ń ná ọjà wà lọ́wọ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè. Ní 1983, ìjọba tiwa náà lé àwọn ará Gánà, orúkọ ìyẹn sì wà lára àpò tí gbogbo wa ń rù. Ẹrù 1969 kò ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó jẹ́ ọmọdé nígbà náà ti di àgbà. Ó yẹ kí a gba ohùn wọn sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì lè sọ ọ́.