Òkun Àríwá Ló Ń Pàṣẹ: Ìbẹ̀rẹ̀ Ìgbà Ooru ní Etíkun Aberdeen

Nínú oṣù kẹfà, ojúmọ́ kan náà lè mọ́ lọ́nà méjì ní Skọ́tílándì. Ní Glasgow, lápá ìwọ̀-oòrùn, oòrùn á ti ràn kalẹ̀, ìwọ̀n ooru á ti lé ní 24°C, àwọn èèyàn á sì ti bọ́ kóòtù sílẹ̀ lọ jókòó sórí koríko. Ní Aberdeen, tí ọkọ̀ ojú irin ń dé láti Glasgow láàárín wákàtí mẹ́ta, ìwọ̀n ooru lè má ju 12°C lọ. Ohun funfun kan á ti dìde láti ojú òkun, á ti gba orí èbúté kọjá, á ti bo ṣóńṣó àwọn ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó dúró létí òkun kò sì ní rí omi tó ń gbọ́ ìró rẹ̀. Haar ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì gbà pé ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìgbà ooru ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ní etíkun àríwá ìlà-oòrùn Skọ́tílándì, òun ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀.

Òkun Àríwá kì í tètè gbàgbé òtútù. Ilẹ̀ máa ń gbóná kíá nígbà tí oòrùn oṣù karùn-ún bá bẹ̀rẹ̀ sí í mú, ṣùgbọ́n omi òkun ń lọ́ra. Níbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà, omi etíkun Aberdeen ṣì wà ní nǹkan bíi 10°C. Ó di nǹkan bí oṣù kẹjọ kó tó gbóná dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Nígbà tí afẹ́fẹ́ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tó sì gbé ọ̀rinrin, bá kọjá lórí omi tó tutù bẹ́ẹ̀, òun náà á tutù, kò ní lè gbé ọ̀rinrin náà mọ́, ọ̀rinrin á sì di ẹ̀kán omi kéékèèké tó ń léfòó. Ohun tó ń mú kí igo ọtí ẹlẹ́rìndòdò máa làágùn nígbà tí a bá gbé e jáde láti inú fíríìjì náà nìyẹn, àfi pé níbí, gbogbo ojú òkun ni igo náà. Haar lè wá nígbàkigbà láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹsàn-án, ṣùgbọ́n àsìkò tí ooru ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ni ó wọ́pọ̀ jù.

Kó tó lè gorí ilẹ̀, atẹ́gùn ní láti tì í. Nígbà tí afẹ́fẹ́ tó wúwo bá jókòó sórí Nọ́wè àti Swídìn, atẹ́gùn á máa fẹ́ láti ìlà-oòrùn, haar á sì wọ ẹnu odò Forth, á wọ ẹnu odò Tay, á dé Stonehaven, á dé Aberdeen. Nínú àwòrán tí sátẹ́láìtì ń yà láti òfuurufú, ẹ ó rí ìlà funfun tó lẹ̀ mọ́ etíkun, tí gbogbo àárín ilẹ̀ sì mọ́ kedere. Ní Banchory, tí kò ju nǹkan bí ọgbọ̀n kìlómítà lọ sí òkè odò Dee, oòrùn lè máa ta lákòókò tí àwọn ará Aberdeen ń wá súwẹ́tà. Ṣùgbọ́n bí atẹ́gùn bá yí padà sí ìwọ̀-oòrùn, ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá. Àwọn òkè ńláńlá àárín Skọ́tílándì á ti gba òjò inú afẹ́fẹ́ náà sílẹ̀; ohun tó bá ré kọjá wọn ń dé Aberdeen ní gbígbẹ àti ní gbígbóná. Ìdí nìyẹn tí òjò fi ń lé ní 3,000 mìlímítà lọ́dún lórí àwọn òkè ìwọ̀-oòrùn kan, tí ti Aberdeen kò sì ju bíi 800 lọ.

Ọjọ́ tí haar bá ká, kò sí ìlú tó dùn ún wò tó Aberdeen. Òkúta granite ni wọ́n fi kọ́ Aberdeen, nínú ìkùukùu ó dà bíi pé ilé àti sánmà ò ní ààlà, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá kàn án, ògiri á máa tàn yanranyanran. Lẹ́yìn ìlú, igbó ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n ń pè ní gorse ti yọ òdòdó ofeefee láti oṣù karùn-ún, òórùn àgbọn ló sì ń ta jáde lára rẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó bá kọjá níbẹ̀ á yíjú wò. Ìmọ́lẹ̀ náà kì í tán bọ̀rọ̀. Ní nǹkan bí ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹfà, oòrùn ń yọ lẹ́yìn aago mẹ́rin ìdájí, kì í sì í wọ̀ títí aago mẹ́wàá alẹ́ á fi kọjá. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ni iṣẹ́ epo inú Òkun Àríwá àti ẹ̀kọ́ yunifásítì kó lọ síbẹ̀. Àwọn tó jẹ́ Mùsùlùmí nínú wọn mọ bí ọjọ́ yìí ṣe gùn tó, nítorí inú oṣù kẹfà ni Ramadan bọ́ sí lọ́dún 2016. Ní Èkó, ọ̀sán tó gùn jù lọ́dún kò pé wákàtí mẹ́tàlá.

Mímọ ohun tí ojú ọjọ́ yóò ṣe kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbádùn nìkan ní etíkun yìí. Nínú oṣù kẹjọ ọdún 1848, nígbà ooru gan-an, ìjì ká àwọn apẹja mọ́ orí omi láàárín òru, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọkùnrin sì ṣòfò. Lọ́dún 1859, ìjì mìíràn ri ọkọ̀ ojú omi Royal Charter sí etíkun Wales, ó sì gbé ẹ̀mí tó lé ní irinwó lọ. Robert FitzRoy, ọ̀gákọ̀ tó ti gbé Charles Darwin yí ayé ká, ló wà nídìí ọ́fíìsì tí ìjọba dá sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ lọ́dún 1854, èyí tó di Met Office òde òní. Ó pín ẹ̀rọ tó ń wọn ìwúwo afẹ́fẹ́ fún àwọn èbúté apẹja, ó bẹ̀rẹ̀ ìkìlọ̀ ìjì, nígbà tó sì di oṣù kẹjọ ọdún 1861, ìwé ìròyìn The Times tẹ àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ fún gbogbo aráàlú. Títí dòní, rédíò BBC ń ka àsọtẹ́lẹ̀ fún àwọn awakọ̀ òkun, wọ́n á máa dárúkọ apá òkun kọ̀ọ̀kan: Cromarty, Forth, Tyne, Forties. Bí wọ́n bá ní a kò ní lè ríran jìnnà tó 1,000 mítà, haar ti dé nìyẹn, bóyá hẹlikópítà tó ń kó òṣìṣẹ́ lọ sórí àwọn kànga epo kò sì ní gbéra ní Aberdeen láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ó wú mi lórí pé kọ̀ǹpútà ńláńlá òde òní náà kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ọrọọrún: ọjọ́ márùn-ún sí méje ni àsọtẹ́lẹ̀ fi ń lágbára, lẹ́yìn ìyẹn ó ń rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń ṣe fún oṣù mẹ́ta kì í dárúkọ ọjọ́ tí òjò yóò rọ̀. Ohun tó ń sọ ni pé ó ṣeé ṣe kí àsìkò náà gbóná tàbí tutù ju bó ṣe máa ń rí lọ. Àwọn tó ń ṣe é ń sọ ìwọ̀n ohun tí wọ́n mọ̀, wọn kì í fi kún un. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn nítorí bẹ́ẹ̀.

Òkun tó ń pàṣẹ yìí ti ń yí padà. Oṣù kẹfà ọdún 2023 ni ó gbóná jù nínú gbogbo oṣù kẹfà tí Met Office ní àkọsílẹ̀ rẹ̀ láti 1884, omi Òkun Àríwá sì gbóná láwọn ibì kan tó ìwọ̀n mẹ́rin sí márùn-ún ju bó ṣe yẹ lọ. Inú ẹni tó fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ lè dùn. Ṣùgbọ́n omi tútù ló ń bọ́ sandeel, ẹja tín-ín-rín tí àwọn ẹyẹ orí bèbè òkúta Fowlsheugh fi ń tọ́ ọmọ nínú oṣù kẹfà. Kittiwake, ọ̀kan lára àwọn ẹyẹ náà, ti dín kù gan-an, àwọn onímọ̀ sì ka ooru omi mọ́ ohun tó fà á. Lọ́dún 2024, Skọ́tílándì fòfin de pípa sandeel nínú omi rẹ̀, ìpinnu tó dára ni.

Ẹ̀yin tí ọmọ tàbí ẹ̀gbọ́n pè wá sí Aberdeen ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ooru, bí ẹ bá ṣí àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́, ẹ má kọ́kọ́ wo ìwọ̀n ooru. Ẹ wo ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Bó bá jẹ́ ìwọ̀-oòrùn, ẹ lọ sí etí òkun láti àárọ̀. Bó bá jẹ́ ìlà-oòrùn, ẹ wọ kóòtù, kí ẹ sì wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Banchory.