Àna Inú Fíìmù àti Àna Àgbádárìgì

Nínú The Wedding Party, fíìmù tí Kemi Adetiba darí ní 2016, Dunni Coker ọmọ Yorùbá àti Dozie Onwuka ọmọ Ìgbò kò bá ara wọn jà nítorí ẹ̀yà. Ọ̀rẹ́bìnrin àtijọ́ ọkọ ìyàwó ló fẹ́ tú ìgbéyàwó ká. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yà di ẹrù àwọn ìyá, Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé àti Ireti Doyle: bí wọ́n ṣe ń wo ara wọn tìkà-tẹ̀gbin, ariwo, gèlè, oúnjẹ àlejò. Ṣóbọ̀wálé nìkan tó ohun tí èèyàn ń sanwó wò. Ṣùgbọ́n ilé tó gbayì láwùjọ ni ilé méjèèjì, ogun abẹ́lé 1967 sí 1970 kò sì rí àga jókòó sí nínú gbọ̀ngàn náà.

Ó ti pẹ́ tí Amẹ́ríkà ti ń ṣe irú eré yìí. Ní 1922, Anne Nichols so ọmọ Júù pọ̀ mọ́ ọmọ Ireland nínú Abie's Irish Rose, wọ́n sì ṣe é ju ìgbà 2,000 lọ ní Broadway. Ní 1972, Bridget Loves Bernie gbé e dé orí tẹlifíṣọ̀n: Bernie ń wa takisí, òbí Bridget lówó lọ́wọ́. Èrò wò ó gan-an, síbẹ̀ sáà kan ṣoṣo ni CBS fi gbé e jáde, nítorí àwọn ẹgbẹ́ Júù fárígá pé ó ń fi ohun tí ẹ̀sìn wọn kọ̀ dápàárá. Ó kéré tán, eré yẹn tẹ ẹnìkan lẹ́sẹ̀. Fíìmù tiwa rọra gba ẹ̀gbẹ́ kọjá.

Ní Àgbádárìgì, Ògù àti Yorùbá ti fẹ́ra wọn débi pé ojú kò tètè lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọba tó jẹ Àkran ní 1977, De Wheno Aholu Menu-Toyi Kìíní, Babátúndé, orúkọ Yorùbá, ni orúkọ rẹ̀. Láti Àgbádárìgì títí dé Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ilé tí wọ́n ti ń sọ èdè méjèèjì kì í ṣe tuntun. Èyí gan-an ni kò bá àwàdà àna mu: ó fẹ́ fìlà pupa lápá kan, gèlè lápá kejì, kí olùwòran lè tètè mọ ta ni ta ni. Nítorí náà, bí aláwàdà bá fẹ́ fi Ògù hàn, ahọ́n rẹ̀ ló sábà máa ń lọ́, a ó sì rẹ́rìn-ín. (Ẹ̀rín ọ̀lẹ ni lójú tèmi.)

The Village Headmaster, eré tẹlifíṣọ̀n tí Ṣẹ́gun Olúṣọlá dá sílẹ̀ ní 1968, mọ ọgbọ́n mìíràn. Oríṣiríṣi ẹ̀yà ló wà ní abúlé Ọjà. Ilé-ìwé àti ààfin ló kó wọn pọ̀, kì í ṣe àríyá ọjọ́ kan. Irú eré bẹ́ẹ̀ ló yẹ etíkun wa: ẹbí kan tó ń jà lórí ilẹ̀ etí òkun, tàbí lórí ẹrù tí kọ́sítọ́ọ̀mù gbà ní ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, tí a kò sì ní mọ ẹni tó jẹ́ Ògù nínú wọn títí ìyá àgbà yóò fi bínú, tí yóò sì yí èdè padà.