Àríwísí lórí Ìgbáradì Akẹ́kọ̀ọ́ Òkèèrè fún Ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Ẹ̀dá àti Ìmọ̀ Àwùjọ ní Yunifásítì Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Àṣamọ̀

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti Nàìjíríà lọ kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa ń ní kí ó kọ́kọ́ lo ọdún kan nínú ètò ìgbáradì kí ó tó wọ yunifásítì. Iṣẹ́ yìí ṣe àríwísí èrò kan tí ó máa ń wà lẹ́yìn irú ètò bẹ́ẹ̀, èyí ni pé àṣà akẹ́kọ̀ọ́ ni kò jẹ́ kí ó mọ bí a ṣe ń jiyàn lórí ìwé. A lo àpẹẹrẹ láti inú òwe pípa, ìjálá sísun àti iṣẹ́ Samuel Johnson láti fi hàn pé Yorùbá ní ìlànà ìtọ́kasí orísun àti ìlànà àríyànjiyàn tirẹ̀. Èrò tí a fẹnu ọ̀rọ̀ jóná sí ni pé irú ìdánwò tí a fi tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ dàgbà ni ó dá àléébù náà sílẹ̀, kì í ṣe àṣà rẹ̀.

1.0 Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń lọ sí òkè òkun láti kàwé, kí ni ó kó láti ilé? Kí sì ni àwọn tí ó fẹ́ gbà á lálejò rò pé kò kó wá? Ìbéèrè méjì yìí ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé. Ìmọ̀ ẹ̀dá tí a ń sọ níhìn-ín ni lítíréṣọ̀, ìtàn, ìmọ̀ èdè àti ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò. Ìmọ̀ àwùjọ sì ni ètò ìṣèlú, ètò ọrọ̀-ajé, ìmọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá àti àwọn mìíràn tí ó jọ wọ́n.

Ó yẹ kí a mọ ibi tí ọdún ìgbáradì ti ṣẹ̀ wá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún mẹ́ta ni a sábà fi ń gba oyè àkọ́kọ́ nínú àwọn ẹ̀ka ìmọ̀ wọ̀nyí, nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ti lo ọdún méjì lórí ìdánwò A-level kí ó tó wọlé. Ní Nàìjíríà, ètò 6-3-3-4 tí a bẹ̀rẹ̀ ní 1982 mú ọdún méjì Higher School ìgbàanì kúrò, ó sì fi ọdún mẹ́rin sí yunifásítì. Nítorí ìdí èyí, ìwé ẹ̀rí WASSCE nìkan kì í sábà tó lójú ọ̀pọ̀ yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àlàfo yìí ni ọdún ìgbáradì wá dí. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ bíi SOAS àti University College London ní ètò tiwọn. Àwọn mìíràn fi í sí ọwọ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ọdún kan gbáko, pẹ̀lú owó ilé àti oúnjẹ, ni ìdílé akẹ́kọ̀ọ́ ń san lé e. Ohun tí a rà ní iye bẹ́ẹ̀ tó ohun tí a ń yẹ̀ wò fínnífínní.

2.0 Ohun tí Ọdún Ìgbáradì ń Kọ́ni

Nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ a máa kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ti ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ìlànà àròkọ, bí a ṣe ń tọ́ka sí ìwé tí a lò, àti iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta tí ó bá ẹ̀ka ìmọ̀ tí ó fẹ́ wọ̀ mu. A kò bu ẹnu àtẹ́ lu èyí. Ẹni tí kò gbọ́ èdè tí wọ́n fi ń kọ́ni kò lè gbọ́ ẹ̀kọ́.

Mary Lea àti Brian Street (1998) pín èrò àwọn olùkọ́ nípa ìkọ̀wé akẹ́kọ̀ọ́ sí ọ̀nà mẹ́ta. Ọ̀nà kìíní gbà pé gírámà, àmì ìkọ̀wé àti ọgbọ́n ìkẹ́kọ̀ọ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ kò ní. Bí a bá ti fi kọ́ ọ, wàhálà tán. Ọ̀nà kejì gbà pé ṣe ni a ń mú akẹ́kọ̀ọ́ wọ agbo kan, kí ó lè kọ́ ìṣe àti ìsọ̀rọ̀ àwọn ará ibẹ̀. Ọ̀nà kẹta ni àwọn méjèèjì fara mọ́ jù: wọ́n ní ìkọ̀wé jẹ mọ́ agbára àti ìdánimọ̀, pé ìbéèrè tí ó wà nídìí rẹ̀ ni ta ni ó láṣẹ láti pe nǹkan ní ìmọ̀. Ní èrò tiwa, inú ọ̀nà kìíní àti èkejì ni ètò ìgbáradì sábà máa ń dúró sí. Wọn a bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè ohun tí kò mọ̀. Wọn kì í sábà bi í léèrè ohun tí ó mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìdánwò tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà pàápàá. Ìdánwò IELTS, tí ó ti wà lábẹ́ orúkọ yìí láti 1989, ní iṣẹ́ ìkọ̀wé méjì fún àwọn tí ń lọ sí yunifásítì. Èyí tí ó tóbi jù nínú wọn ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ àròkọ tí kò gbọdọ̀ dín ní ọ̀rọ̀ 250 ní nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, kí ó sì fi ìmọ̀ àti ìrírí ara rẹ̀ gbè é lẹ́sẹ̀. Kò sí ìwé kankan níwájú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀dá àti ìmọ̀ àwùjọ kò jẹ́ nǹkan mìíràn ju kí a ka ohun tí àwọn ẹlòmíràn sọ, kí a wọ̀n ọ́n wò, kí a sì fèsì. Ìdánwò náà ń dán èdè wò. Kò dán ìfèsì sí ìwé wò. Akẹ́kọ̀ọ́ lè yege nínú rẹ̀ kí ó má sì tíì bẹ̀rẹ̀ ìgbáradì.

3.0 Àṣà ni, tàbí Ìdánwò?

Nígbà tí irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ bá kọ iṣẹ́ àkọ́kọ́, ohun tí olùkọ́ máa ń kọ sí etí rẹ̀ ni pé ó ròyìn, kò jiyàn. Àwọn kan a wá ní àṣà ibi tí ó ti wá ni ó fà á. Èrò yìí ní baba. Ní 1966, Robert B. Kaplan yẹ àròkọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì wò, ó sì ya àwòrán márùn-ún láti fi ṣàpèjúwe bí àwọn ẹ̀yà èdè ṣe ń to èrò. Ìlà tí ó lọ tààrà ni ó yà fún Gẹ̀ẹ́sì. Èyí tí ó ń yí po bí ìkarahun ìgbín ni ó yà fún àwọn ará Ìlà-Oòrùn Éṣíà. Kò sí àwòrán kankan fún èdè ilẹ̀ Áfíríkà. Kaplan fúnra rẹ̀ gbà ní 1987 pé òun ti sọ ọ̀rọ̀ náà le jù, ṣùgbọ́n èrò pé àṣà ni ó ń wọ́ kálàmù kò tíì kúrò nílẹ̀.

Àwa tí a ń kọ́ni ní Nàìjíríà mọ ibòmíràn tí ó yẹ kí a wò. Nínú ìdánwò WASSCE, pàápàá nínú iṣẹ́ Ìjọba, ìbéèrè a máa ní kí akẹ́kọ̀ọ́ dárúkọ kókó márùn-ún kí ó sì ṣàlàyé wọn. Kókó kọ̀ọ̀kan ní máàkì tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá béèrè pé èwo nínú márààrún ni ó wúwo jù, tàbí pé ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀, ń fi àkókò ṣòfò ni. Ọdún mẹ́ta ni a fi kọ́ ọ kí ó má ṣe jiyàn. Bí ó bá wá dé òkè òkun tí kò jiyàn, ẹ̀kọ́ tí a kọ́ ọ ni ó ń tẹ̀ lé. Kí ni àṣà Yorùbá ṣe nínú èyí?

4.0 Ohun tí Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá Kó láti Ilé

Ohun kìíní ni ìtọ́kasí orísun. Bí ọ̀dọ́ bá fẹ́ pòwe níwájú àgbà, yóò ní, “Tótó ó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin àgbà.” Àwọn àgbà yóò sì dá a lóhùn pé yóò rí òmíràn pa. Ìjúbà lásán kọ́ ni èyí. Ọ̀dọ́ náà ń jẹ́wọ́ pé ọ̀rọ̀ tí òun fẹ́ lò ní olówó, àwọn olówó sì ń fún un ní àṣẹ láti lò ó. Ẹni tí ó bá ń pòwe láìtọrọ gáfárà, aláìmọ̀wàáhù ni wọn yóò pè é. Òfin tí ó de jíjí iṣẹ́ oníṣẹ́ kò ṣe àjèjì sí ọmọ tí a tọ́ báyìí.

Ohun kejì ni àríyànjiyàn. Ní 1966 kan náà tí Kaplan kọ iṣẹ́ rẹ̀, S. A. Babalọlá gbé ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìjálá jáde. Ó ṣàlàyé níbẹ̀ pé bí oníjàálá kan bá ṣi oríkì tàbí ìtàn sọ, akẹgbẹ́ rẹ̀ lè dá a lẹ́kun lójú agbo. Ẹni tí a dá lẹ́kun lè dúró lórí ohun tí ó mọ̀, ó sì lè bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí olúkúlùkù tọ ipa ọ̀nà tí ó gbà kọ́ ọ. Kí ni àpérò yunifásítì tún ń ṣe ju èyí lọ?

Ohun kẹta ni ìwọ̀n ẹ̀rí. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ọmọ tí ó dàgbà nínú agboolé tí wọ́n ti ń parí ìjà ti rí i pé ẹjọ́ kì í tán lẹ́nu ẹnìkan ṣoṣo.

5.0 Ibi tí Ìyàtọ̀ Wà

A kò sọ pé ohun tí a kó láti ilé ti tó. Ìyàtọ̀ wà, ó sì yẹ kí a tọ́ka sí i gan-an. Nínú òwe, orísun kò ní orúkọ ẹnìkan: “àwọn àgbà” ni, nínú iṣẹ́ ìwádìí, orúkọ, ọdún àti ojú ewé ni a ń béèrè. Òwe a máa pa ọ̀rọ̀ dé. Ní yunifásítì, ọ̀rọ̀ tí a yá lò ni a fi ń ṣí iyàn. Bákan náà, oníjàálá ń bá akẹgbẹ́ rẹ̀ jà ni. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ni wọ́n ń ní kí ó já ọ̀jọ̀gbọ́n nírọ́, èyí sì wúwo fún ọmọ tí a fi ìbọ̀wọ̀ fún àgbà kọ́.

Ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ lè fi ọ̀nà hàn wá. Ó parí rẹ̀ ní 1897, àfọwọ́kọ náà sọnù, àbúrò rẹ̀ Obadiah tún un kọ, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Johnson dárúkọ àwọn tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, Tìmì Lágúnjú ti Ẹdẹ wà lára wọn. Ó ti mú “àwọn àgbà” kúrò nínú àìlórúkọ. Wàyí o, bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè ohun tí ó fa ìṣubú Ọ̀yọ́-Ilé, ó lè sọ ìtàn Aláàfin Aólẹ̀ àti èpè tí ó ṣẹ́, kí ó sọ ọ́ dídùndídùn. Ìròyìn ni ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ó bá béèrè ẹni tí ó sọ ọ́ fún Johnson, tí ó ronú sí i pé pásítọ̀ ní ìlú Ọ̀yọ́ ni Johnson, tí ó wo ìdí tí ìran tí ogun dààmú fi lè gba èpè gẹ́gẹ́ bí àlàyé, ó ti ń jiyàn nìyẹn. Bí ó bá wá ka Robin Law (1977), tí ó gbé ọ̀rọ̀ Johnson sí ẹ̀gbẹ́ àkọsílẹ̀ àwọn òyìnbó bíi Clapperton tí ó dé Ọ̀yọ́-Ilé ní 1826, yóò rí i pé a lè bọ̀wọ̀ fún àgbà kí a sì tún yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò.

6.0 Àbá fún Olùkọ́

(i) Kí olùkọ́ girama máa fi ìbéèrè kan kún kókó márùn-ún tí WASSCE ń fẹ́: èwo ni ó wúwo jù, kí sì ni ẹ̀rí rẹ̀? Èyí kò ní kí akẹ́kọ̀ọ́ pàdánù máàkì kankan.

(ii) Kí a fi “tótó ó ṣe bí òwe” bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìtọ́kasí orísun, kí a tó dé orí orúkọ, ọdún àti ojú ewé.

(iii) Kí a máa gbé ìtàn kan náà láti ẹnu ẹni méjì síwájú akẹ́kọ̀ọ́, kí ó kọ ìdájọ́ rẹ̀, ní Yorùbá ná, lẹ́yìn náà ní Gẹ̀ẹ́sì. Ètò Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti Ifẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1970, ti fi hàn pé fífi Yorùbá kọ́mọ kò ba Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ jẹ́.

(iv) Kí àwọn olùkọ́ ètò ìgbáradì ní òkè òkun kọ́kọ́ béèrè bí wọ́n ṣe ń jiyàn ní ìlú akẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n tó kọ́ ọ ní tiwọn.

7.0 Ìgúnlẹ̀

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a ń kọ́ kò ní wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ síbìkan. Ṣùgbọ́n àléébù tí wọ́n ń fi ọdún kan wò sàn ní òkè òkun wà nínú iṣẹ́ àṣekágbá NCE níhìn-ín pẹ̀lú, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń da Orí Kejì ẹlòmíràn kọ láìbá a fèsì. Bí olùkọ́ bá kọ́ ọmọ láti fèsì sí ìwé láti kíláàsì SS1, èyí tí ó bá lọ yóò mọ ohun tí ó gbé dání, èyí tí ó bá sì dúró yóò kọ́ àwọn mìíràn.