Ọ̀rọ̀ Òfin 'Felony' àti Ìpàdánù Ọrọ̀ nínú Great Expectations

Nínú Great Expectations, ìtàn-àròsọ tí Charles Dickens gbé jáde láàárín 1860 sí 1861, ọrọ̀ tí Pip ń retí bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Òǹkàwé lè rò pé ẹ̀san ìgbéraga lásán ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òfin kan, 'felony', ni ìdí abájọ.

Lábẹ́ òfin Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, 'felony' ju orúkọ ọ̀ràn ńlá lọ. Ẹni tí ilé-ẹjọ́ bá dá lẹ́bi rẹ̀ pàdánù ohun ìní rẹ̀ fún ọba. 'Misdemeanour', tí ó rẹlẹ̀ sí i, kò ní irú àbájáde yìí. Bí a bá túmọ̀ 'felony' sí 'ọ̀ràn' nìkan, ìdajì ìtumọ̀ rẹ̀ ti sọnù.

Magwitch ni owó Pip ti ọwọ́ rẹ̀ wá. Òun àti Compeyson ni wọ́n jọ jẹ́jọ́ 'felony' lórí owó bébà tí wọ́n jí. Ọdún 7 ni wọ́n fún Compeyson, tí ìrísí rẹ̀ jọ ti gbajúmọ̀. Wọ́n fún Magwitch ní 14. Nígbà tí ó sá kúrò nínú ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi ṣe ẹ̀wọ̀n, wọ́n tún ẹjọ́ rẹ̀ dá, wọ́n sì lé e lọ sí Australia títí ayé. Ibẹ̀ ni ó ti fi iṣẹ́ àgùntàn sísìn kó ọrọ̀ jọ.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bí ó dàrán borí, aṣọ olè ni ó dà bora. Bí òfin náà ti rí gan-an nìyí: kò bèèrè bóyá òógùn ojú ni ó mú owó wá.

Dickens kò fara mọ́ ìdájọ́ yìí. Pip ti pinnu láti má gba owó náà mọ́ kí ọwọ́ òfin tó tẹ Magwitch; nítorí náà, Magwitch ni òfin ṣe ní ìkà. Pip mọ̀ pé ọba ni yóò kó gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́. Magwitch kú sínú ẹ̀wọ̀n kí wọ́n tó yẹgi fún un, pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ọmọ òun ti di olówó. Àánú ni ìdákẹ́ yẹn.

Àléébù ibẹ̀ ni pé gbólóhùn díẹ̀ péré ni òǹkọ̀wé fi ṣàlàyé òfin náà. Ó yé àwọn òǹkàwé ìgbà rẹ̀, nítorí òfin náà ṣì múlẹ̀. Ọdún 1870, ọdún tí Dickens kú, ni wọ́n fòpin sí ìgbẹ́sẹ̀lé náà. Òǹkàwé òde òní ní láti kọ́ ìtumọ̀ 'felony' kí ó tó lè mọ bí ìdákẹ́ Pip ti wúwo tó.