Ọ̀fọ̀ Òbí nínú Ewì Ṣóyínká lórí Ikú Ṣẹ́gun Awólọ́wọ̀

Ní oṣù Keje ọdún 1963 ni Ṣẹ́gun, àrẹ̀mọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ ní ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Ọ̀dọ́ agbẹjọ́rò ni. Ẹjọ́ ìdìtẹ̀ mọ́ ìjọba ni bàbá rẹ̀ ń jẹ́ lọ́wọ́ nígbà náà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà ni ilé-ẹjọ́ rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Oṣù yẹn náà ni ìyàwó olóògbé bí oyún tí ó fi sílẹ̀, tí wọ́n sì sọ ọmọ náà ní orúkọ bàbá rẹ̀. Ikú yìí ni Wọlé Ṣóyínká kọ ewì 'In Memory of Segun Awolowo' lé lórí nínú àkójọ ewì rẹ̀, Idanre and Other Poems (1967).

Òkú ọ̀fọ̀ ni Yorùbá ka òkú ọmọ tí ó ṣaájú òbí sí. Kò sí ìnáwó, kò sí ẹni tí yóò pe onílù, òbí kì í sì í dé ibi sàréè ọmọ rẹ̀. Àwọn èèyàn á sọ gbólóhùn ìtùnú díẹ̀, kẹ́kẹ́ á sì pa. Inú ìdákẹ́jẹ́ yìí ni ewì Ṣóyínká ti sọ̀rọ̀, ohun ńlá sì nìyẹn. Ìbéèrè tí ó kù fún lámèyítọ́ ni ẹni tí ewì náà ń bá sunkún, àti ẹni tí ó ń fi ẹ̀sùn kàn.

Ọ̀nà ni ó fi ẹ̀sùn kàn. Nípa ìfohunpènìyàn, akéwì sọ ọ̀nà di arúgbó ọ̀jẹun tí ó ń bì lẹ́yìn tí ó ti pa ọmọ èèyàn jẹ. Ìwòye yìí kì í ṣe àjèjì rárá: àdúrà àwọn àgbà fún arìnrìn-àjò ni pé kí ó má rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà bá ti di apànìyàn, tàbí tí a ní Ògún ni ó fẹ́ mu ẹ̀jẹ̀, ta ni ó di ọkọ̀ mú? Ta ni ó fún un ní ìwé àṣẹ? Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ń wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi ikú Ṣẹ́gun rù. Bí èdè ṣe ń ṣiṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ dá lé. 'Ọkọ̀ pa á' ni àwa Yorùbá máa ń wí, gbólóhùn náà a sì fi ọlọ́wọ́ iṣẹ́ pamọ́.

Ṣóyínká mọ èyí dájú. Nínú eré-onítàn rẹ̀, The Road (1965), ikú ojú pópó ní ọlọ́wọ́ iṣẹ́. Professor ń ṣe ayédèrú ìwé àṣẹ ìwakọ̀, ó sì hú àmì tí ó ń kìlọ̀ fún awakọ̀ gbé wálé; ọlọ́pàá ń gba rìbá. Kotonu, tí kò fẹ́ wakọ̀ mọ́, ni ẹ̀dá-ìtàn tí ó wọni lára jù. Ọkọ̀ akẹ́rù ni ó pa bàbá tirẹ̀, ẹni tí ń ti ọmọlanke. Òun náà sì fi ọkọ̀ gbá ẹni tí ó gbé eégún. Ọmọ ọlọ́fọ̀ àti awakọ̀ pàdé nínú ẹnìkan ṣoṣo. Irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ kò sí nínú ewì, ó sì jẹ́ àbùkù rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ewì kúkúrú ni.

Síbẹ̀, ìparí ewì náà lágbára. Akéwì fi oòrùn, ààrá àti ọ̀nà sílẹ̀, ó kọjú sí àwọn arúgbó: orí ewú àti ọwọ́ tí ń rìn káàkiri, tí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò tíì yé wọn. Kò sí òrìṣà kankan níbẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé òbí kì í dé sàréè ọmọ yóò mọ ìdí tí wọ́n fi ń rìn tí wọn kò dé ibì kankan. Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó ni pé ọ̀fọ̀ náà wà fún gbogbo wọn papọ̀: opó kò sí níbẹ̀, oyún kò sí, a kò sì ya ìyá sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn arúgbó yòókù. Olóyè H.I.D. Awólọ́wọ̀ wà láyé títí di oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015.