Kíkà Kókó, Kíkà Ọ̀nà: Àgbéyẹ̀wò Ìlànà TNM lórí Jẹjẹrẹ Ẹnu

Ìlànà TNM jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àkọsílẹ̀ kúkúrú tí ẹ̀mí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn rọ̀ mọ́. Pierre Denoix, oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló pilẹ̀ rẹ̀ láàárín 1943 sí 1952. Ní 1968 ni UICC, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń gbógun ti jẹjẹrẹ, tẹ ẹ̀dà kìn-ín-ní rẹ̀ jáde. T dúró fún jẹjẹrẹ níbi tó ti kọ́kọ́ hù, N fún àwọn kókó ara tó wà nítòsí ibẹ̀, M fún títàn dé ibi tó jìnnà. Ní ti jẹjẹrẹ ẹnu, N ni ẹrù rẹ̀ wúwo jù, òun náà sì ni ìlànà yìí kò tíì kà kúnná. Iye kókó ni ó ń kà. Kò ka ọ̀nà tó gbé jẹjẹrẹ débẹ̀.

Ọ̀nà náà nìyí. Yàtọ̀ sí ẹ̀jẹ̀, omi kan tó mọ́ gaara, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní límfù, ń ṣàn nínú àwọn iṣan tín-ín-rín láti ahọ́n, èrìgì àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ wá sí ọrùn. Àwọn kókó kéékèèké tó wà lójú ọ̀nà ni ó ń sẹ́ ẹ, bí asẹ́ ti ń sẹ́ ògì. Àwọn kan náà ni ó máa ń wú lábẹ́ àgbọ̀n nígbà tí eyín bá ń ro ènìyàn. Bí jẹjẹrẹ bá bọ́ sínú omi yìí, inú kókó ni yóò há sí, ibẹ̀ ni yóò sì ti máa pọ̀ sí i.

Ṣùgbọ́n gbogbo ẹnu kò ṣàn gba ojú kan. Àárín ètè ìsàlẹ̀ àti ṣóńṣó ahọ́n ń ṣàn lọ sí kókó abẹ́ àgbọ̀n gan-an. Ẹ̀gbẹ́ ahọ́n ń ṣàn lọ sí abẹ́ egungun àgbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́, àti sí àwọn kókó tó tò lẹ́bàá iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá ọrùn. Ẹ̀yìn ahọ́n àti àárín gbùngbùn rẹ̀ kò ya ọ̀tún sọ́tọ̀ kúrò lára òsì: ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni wọ́n ń ṣàn sí. Rouvière to ọ̀nà wọ̀nyí sínú ìwé ní 1932, iṣẹ́ àṣelàágùn ni. Síbẹ̀ ahọ́n a máa rú òfin. Nígbà mìíràn jẹjẹrẹ rẹ̀ a fo àwọn kókó òkè, a sì balẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ọrùn tààrà, bí ọkọ̀ tí kò dúró ní ibùdókọ̀ kankan.

Àwọn oníṣẹ́ abẹ mọ èyí. Wọ́n ti pín ẹ̀gbẹ́ ọrùn sí agbègbè láti I dé V, agbègbè I dé III ni wọ́n sì sábà máa ń kó kúrò nítorí jẹjẹrẹ ẹnu tí kò tíì hàn ní ọrùn. Bó bá jẹ́ ti ahọ́n, àwọn mìíràn a fi IV kún un nítorí fífò yẹn. Ọ̀nà ni wọ́n ń kà. Ẹ̀dà kẹjọ ìlànà náà, tó jáde ní 2016, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó béèrè bí kókó ti pọ̀ tó, bó ti tóbi tó, ẹ̀gbẹ́ tó wà, àti bóyá jẹjẹrẹ ti já awọ tó bò ó. Kókó kan tí kò ju 3 sẹ̀ǹtímítà lọ lábẹ́ àgbọ̀n, àti irú rẹ̀ nísàlẹ̀ ọrùn lókè egungun èjìká, N1 kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni kókó méjì àti kókó mẹ́wàá ní ẹ̀gbẹ́ tí jẹjẹrẹ wà ń jẹ́ N2b, bí kò bá ti sí èyí tó ju 6 sẹ̀ǹtímítà lọ tàbí tó já awọ. Ta ni oníṣègùn tí yóò fi ọwọ́ kan náà mú àwọn aláìsàn méjèèjì?

Ó tọ́ láti yin ẹ̀dà yìí fún àtúnṣe tó ṣe sí T. Ṣáájú rẹ̀, fífẹ̀ ni òṣùwọ̀n: 2 sẹ̀ǹtímítà ni ààlà T1, 4 sì ni ti T2. Ẹ̀dà kẹjọ fi jíjìn kún un. Èyí tó bá jìn ju 5 mìlímítà lọ ti kúrò ní T1. Bó bá ju 10 lọ, T3 ni, kódà kó má fẹ̀. Kànga kì í fẹ̀ bí adágún, òun ló sì ń kan omi ìsàlẹ̀. (Jíjìn kì í ṣe nínípọn o: egbò tó ti jẹ ara wọlé lè má nípọn rárá.)

Àléébù tó wúwo jù wà lára òdo. N0 tí oníṣègùn kọ ṣáájú iṣẹ́ abẹ kò sọ pé kò sí jẹjẹrẹ ní ọrùn. Ó sọ pé ọwọ́ àti àwòrán kò rí i. Ní 2015, D'Cruz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Tata Memorial ní Mumbai gbé ìwádìí jáde lórí irú òdo bẹ́ẹ̀: jẹjẹrẹ ẹnu T1 tàbí T2, ọrùn N0. Wọ́n kó kókó ọrùn apá kan nínú àwọn aláìsàn náà pọ̀ mọ́ iṣẹ́ abẹ ẹnu. Ní ti àwọn tó kù, wọ́n dúró dìgbà tí kókó bá yọjú. Ní ọdún kẹta, 80 nínú ọgọ́rùn-ún ló wà láàyè nínú àwọn ti ìṣáájú, 67.5 nínú àwọn ti ìkejì. Òdo kan náà ni wọ́n kọ sára gbogbo wọn.

Bí wọ́n bá tún ọrùn kà lábẹ́ máíkírósíkóòpù, kókó kan ṣoṣo tí kò ju ẹ̀wà lọ lè gbé aláìsàn láti ìpele I lọ sí III. Ẹ̀dà ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, AJCC, tilẹ̀ gbà pé kí wọ́n kọ U sí ẹ̀gbẹ́ N bí kókó bá wà lókè ọrùn, tàbí L bó bá wà nísàlẹ̀. Ìgbésẹ̀ rere ni, ṣùgbọ́n lẹ́tà yìí kò yí ìpele padà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí kókó náà wà kò lè rí i nínú nọ́ńbà ìpele. Àfi kó padà sínú àkọsílẹ̀ oníṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀.